Ọdún Tí Àwọn Alángbá Ò Jáde

Ògiri kan wà lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé ní Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, tí oòrùn àárọ̀ máa ń kọ́kọ́ kàn kó tó kan ibòmíràn nínú àgbàlá. Nígbà tí mo kó débẹ̀ ní ọdún 2019, ògiri yìí ló di ibi tí mo ń wò tí mo bá ń mu tíì láàárọ̀, nítorí pé kí n tó mu ún dé ìdajì, alángbá mẹ́ta tàbí mẹ́rin á ti tò sórí rẹ̀, wọn á danú délẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ àná kò tíì tán lára rẹ̀. Akọ àárín wọn, tí ìrù rẹ̀ ti gé kù kúkúrú, á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé àyà sókè sódò, bí alángbá ilé wa ṣe máa ń mi orí. Wọn kò tóbi rárá. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ọwọ́ mi lọ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Àwọ̀ eérú ni wọ́n, tí wọ́n bá sì fara mọ́ èèpo igi, èèyàn lè wò títí kó má rí wọn. Urosaurus ornatus ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ará ilé ni èmi ń pè wọ́n.

Ní oṣù Keje ọdún 2020, ògiri náà ṣófo. Ìgbà méjì ni Tucson máa ń rí òjò lọ́dún: èyí tó rọra ń rọ̀ nígbà òtútù, àti òjò oníjì tó máa ń dé nígbà ooru, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Tí oṣù Kẹfà bá ti ń parí lọ, ojú ọ̀run ni gbogbo ará ìlú máa ń wò. Lọ́dún yẹn, ojú ọ̀run kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Láti 15 oṣù Kẹfà títí di 30 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe àkókò tí wọ́n fi ń ka òjò ìgbà ooru, nǹkan bí mílímítà 41 péré ni gbogbo òjò tó rọ̀, ọdún kan ṣoṣo ló sì tíì gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà.

Màámi pè mí láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje náà. Wọ́n mọ̀ nípa àwọn ará ilé mi, nítorí mo máa ń fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.

"Àwọn alángbá rẹ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí fọ́tò wọn."

"Wọn ò jáde mọ́, Màámi. Ó jọ pé ooru ti pa wọ́n."

"Ta ló sọ fún ọ? Ẹni tí kò bá jáde síta, ṣé ó ti kú náà nìyẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lọ wádìí ọ̀rọ̀ wọn wò."

Mo sì lọ wádìí rẹ̀. Ohun tí mo bá pàdé nínú ìwádìí àwọn onímọ̀, àti ohun tí mo fi ojú ara mi rí nígbà tí òjò padà wá lọ́dún kejì, ló mú mi gbà pé àìjáde pàápàá jẹ́ ohun kan tí alángbá ń ṣe, tí ó ń ṣe é pẹ̀lú ìṣirò, àti pé omi ni ó fi ń ṣe ìṣirò náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa ti mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ ká máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí nílẹ̀ wa mọ ìgbẹ́ alángbá: ó dúdú, ó sì ní ẹfun ní ṣóńṣó orí. Ẹfun yẹn ni ìtọ̀ rẹ̀. Omi púpọ̀ ni àwa èèyàn fi ń ṣan ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ wa jáde. Alángbá ń sọ tirẹ̀ di lẹ́ẹ̀ funfun, ara rẹ̀ yóò sì ti fa omi inú rẹ̀ padà kó tó yà á. Alángbá Ìbàdàn, tí òjò ń pa fún bí oṣù mẹ́jọ lọ́dún, ní ọgbọ́n yìí. Ti aṣálẹ̀ ló wá ń fi í gbé ẹ̀mí ró. Awọ ara rẹ̀ nípọn, ó ní ìpẹ́, kò sì jẹ́ kí omi tètè fà jáde. Ṣùgbọ́n kò lè dí imú, kò sì lè fi gbogbo ọjọ́ di ojú. Ìgbàkígbà tó bá mí, omi díẹ̀ á bá èémí lọ, bí ara rẹ̀ bá sì ṣe ń gbóná sí i ni mímí náà á ṣe máa yá sí i. Nítorí náà, gbogbo wákàtí tí alángbá bá lò nínú oòrùn, omi ló fi ń san owó rẹ̀. Tó bá rí kòkòrò jẹ níta, omi inú kòkòrò á dí àlàfo náà. Tí kòkòrò bá wọ́n nítorí pé ewé ti gbẹ, òwò àdánù ni ìjáde náà dà, ilé ló sì kù tó yẹ kó jókòó sí.

Ilé ọ̀hún lè jẹ́ pàlàpálá àpáta, ó lè jẹ́ ihò tí eku gbẹ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sán oṣù Keje, nígbà tí iyanrìn òkè lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn, ihò tó jìn ní ìwọ̀n apá kan tutù ju òkè lọ dáadáa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ara alángbá tó wọ ibẹ̀ á rọlẹ̀, mímí rẹ̀ á dẹwọ́, ebi kò sì ní tètè dà á láàmú, nítorí pé ara rẹ̀ kì í dá ooru fún ara rẹ̀ bí ara ewúrẹ́ tàbí ara èèyàn. Oúnjẹ tí eku kékeré kan ń jẹ lóòjọ́ lè gbé alángbá tí ìwọ̀n wọn dọ́gba fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹranko tí owó oúnjẹ rẹ̀ kéré tó báyìí ní agbára láti dúró.

Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo wọn kì í gbé ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Chuckwalla ni wọ́n ń pè é, alángbá ńlá oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ tó ń gbé láàárín òkìtì àpáta ní aṣálẹ̀ Mojave àti aṣálẹ̀ Sonora. Òun ni ẹ ó rí tó nà gbalaja sórí àpáta láàárọ̀ bí baálẹ̀ tó gba atẹ́gùn lójúde. Tí ẹ bá lé e, á sá wọ pàlàpálá, á fa afẹ́fẹ́ sínú títí ara rẹ̀ á fi wú há sáàárín òkúta méjì, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ fà á yọ. Ewé, òdòdó àti èso ni oúnjẹ rẹ̀. Inú oúnjẹ yẹn náà ni omi rẹ̀ wà, nítorí pé kò sí odò tàbí kànga tó lè lọ mu níbi tó ń gbé.

Kenneth Nagy, onímọ̀ ẹ̀dá kan, ló tẹ̀lé àwọn chuckwalla nínú aṣálẹ̀ Mojave, tó ṣírò omi tó ń wọ ara wọn àti èyí tó ń jáde, tó sì ṣírò iyọ̀ bákan náà. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1972. Òjò ìgbà òtútù ló ń mú kí àwọn ewéko kéékèèké tí kì í lò ju oṣù mélòó kan láyé hù jáde. Tí oṣù Kẹrin bá dé lẹ́yìn òjò tó dára, ilẹ̀ tó ti ń pọ́n bí eruku á wá tutù yọ̀yọ̀, chuckwalla á sì jẹ, á tún jẹ, títí omi inú ewé á fi pọ̀ ju ohun tí ara rẹ̀ nílò lọ. Nígbà tí oòrùn bá wá le, tí àwọn ewéko yẹn gbẹ, ohun tó ṣẹ́ kù láti jẹ ni ewé àwọn igi kúkúrú tó le koránkorán, tí omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí iyọ̀ inú rẹ̀, pàápàá pọtásíọ̀mù, sì pọ̀.

Alángbá yìí ní ohun kékeré kan nínú imú tó ń sẹ́ iyọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Á sín, omi iyọ̀ á fọ́n jáde, á sì gbẹ sí ẹnu ihò imú bí ìyẹ̀fun. Mo dúró wo ọ̀kan nínú ọgbà ẹranko aṣálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Fún ìṣẹ́jú tó lé ní mẹ́wàá kò mira, àfi ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà ó ṣẹ́jú, ó sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ mirí, mo sì rí i tí àmì tóótòòtó funfun hàn lára dígí tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn àmì mìíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí mo ti rò pé ìdọ̀tí ni. Ọmọdé kan tó dúró tì mí sọ fún ìyá rẹ̀ pé alángbá ní òtútù.

Iyọ̀ sísẹ́ náà ní ààlà. Tí ewé bá gbẹ kọjá ibi kan, omi tí chuckwalla máa ná láti da ewé náà nínú àti láti lé iyọ̀ rẹ̀ jáde á ju omi tí ewé náà gbé wá lọ. Níbi tí èmi á ti rò pé ebi á lé e jáde láti wá ohunkóhun tó bá rí, ńṣe ni á kọ oúnjẹ sílẹ̀. Ewé wà lẹ́nu ọ̀nà, ikùn ṣófo, ó sì wọ inú àpáta lọ. Ó lè yọjú díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹun. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni á máa lò díẹ̀díẹ̀ títí òtútù á fi dé, á sì fi oorun ìgbà òtútù lé e. Lọ́dún tí òjò òtútù bá kọ̀, tí ewéko oṣù Kẹrin kò hù, kò ní sí àsìkò àjẹyó kankan rárá, ìjókòó inú àpáta á sì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà rẹ̀. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé a kì í kọ oúnjẹ tí a bá gbé síwájú ẹni, nítorí náà ó pẹ́ kí èyí tó yé mi: pé oúnjẹ lè wà, kí ó sì jẹ́ pé jíjẹ ẹ́ ni yóò pa ẹni tó jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àkọ́rọ̀ sí àrọ̀kúrò kò ní pẹ́ lóye ohun tó kàn. Àgbẹ̀ wa mọ̀ pé kì í ṣe iye òjò ọdún kan nìkan ló ń sọ bí oko á ṣe rí. Ìgbà tí ó rọ̀ ń kọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alángbá aṣálẹ̀. Chuckwalla ti Mojave, òjò ìgbà òtútù ló fọkàn tán. Gila monster, alángbá mìíràn tó ń gbé aṣálẹ̀ Sonora tó yí Tucson ká, kò lè ṣe láìsí òjò ìgbà ooru.

Ẹ fojú inú wo awọ́nríwọ́n kékeré kan tó sanra, tí ìpẹ́ ara rẹ̀ rí kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín mọ́ ara aṣọ, dúdú àti àwọ̀ osùn. Ó ní oró lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ ló fi ń rìn, láti ọdún 1952 sì ni òfin Arizona ti ń dáàbò bò ó. Ẹyin ẹyẹ àti àwọn ọmọ ẹran inú ìtẹ́ ló ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ayé rẹ̀ ló ń lò lábẹ́ ilẹ̀, débi pé àwọn tí wọ́n bí sí Tucson wà tí kò tíì rí ọ̀kan rí.

Jon Davis àti Dale DeNardo ti Arizona State University ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ ni ìṣòro tí wọ́n kọ́kọ́ ní: gbogbo Gila monster ló danú délẹ̀, kò sì sí bí ojú ṣe lè mọ èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n gbà, wọ́n wo bí ó ṣe ki sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé àpòòtọ̀ ẹranko yìí ń ṣe iṣẹ́ agbada omi. Nígbà tí òjò bá rọ̀, á mu omi yó, omi tí ara kò nílò lójú ẹsẹ̀ á sì lọ dúró sínú àpòòtọ̀, ó sì mọ́ lóló níbẹ̀. Tí ọ̀dá bá dé, ara á tún máa fa omi náà padà díẹ̀díẹ̀ gba ara awọ àpòòtọ̀. Nínú èyí tí àpòòtọ̀ rẹ̀ kún, kíki ẹ̀jẹ̀ falẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ sí ti èyí tí àpòòtọ̀ rẹ̀ ṣófo. Àwa tí a gbé àmù sí ìdí ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí àmù wà fún. Gila monster gbé tirẹ̀ síkùn.

Ìwádìí kejì tí àwọn méjèèjì ṣe ló tún dùn mọ́ mi jù. Wọ́n fún àwọn Gila monster kan lómi nínú igbó, ní àkókò gbígbẹ tó ṣáájú òjò ìgbà ooru, wọn kò sì fún àwọn yòókù. Àwọn tó rí omi gbà ń jáde ju àwọn yòókù lọ. Oòrùn kan náà ló ń ràn lé gbogbo wọn lórí, ooru kan náà ni. Omi nìkan ni ìyàtọ̀. Títí di ìgbà tí mo kà á, ooru ni mo ti ń dá lẹ́bi fún ògiri mi tó ṣófo.

Èyí ló mú mi rántí ìdí igi ọsàn. Onílé wa gbin igi ọsàn kan sí kọ̀rọ̀ àgbàlá, ó sì ta rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé ìdí rẹ̀ tó ń kán omi tó, tó, tó fún wákàtí kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì-kejì. Mo jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2020, mo gbé àga lọ síbẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí alángbá méjì fi sọ̀ kalẹ̀ láti ara igi. Ọ̀kan nínú wọn ni akọ onírù gígé. Ó rìn dé ibi tí ilẹ̀ ti rin, ó dúró, ó yọ ahọ́n, ó lá òkúta kékeré kan tí omi wà lára rẹ̀, ó dúró, ó tún lá a. Egungun ìhà rẹ̀ hàn síta díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì gbé àyà sókè fún ẹnikẹ́ni. Ní bí agogo méje kọjá díẹ̀, kí oòrùn tó kan ibẹ̀, wọ́n ti gun igi padà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Èsì Màámi kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Ṣé o rí i?"

Òjò padà wá ní ọdún 2021, ó sì wá bí ẹni tó ń san gbèsè: nǹkan bí mílímítà 325 láàárín àkókò kan náà tí ti ọdún tó ṣáájú fi jẹ́ 41. Ẹni tí kò bá gbé aṣálẹ̀ rí kò lè mọ òórùn tó máa ń jáde lára creosote, igi kúkúrú aṣálẹ̀ kan, bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá ti kàn án. Ní ọjọ́ kejì òjò ńlá àkọ́kọ́, ikán oníyẹ̀ẹ́ tú jáde láti inú ilẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní èsunsun, tí a máa ń gbé àwo omi sábẹ́ iná fún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọn alángbá tí mi ò rí fún ọ̀pọ̀ oṣù jáde láti ibi gbogbo. Ìkankan kò danú délẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń sá sọ́tùn-ún sósì, ìyẹ́ ikán ń yọ lẹ́nu wọn. Ikán kan ní omi, ó ní ọ̀rá, kò sì le láti mú. Oúnjẹ àti omi dé pọ̀ nínú ẹ̀kún ẹnu kan.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún náà, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ kan lọ sí ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Arizona, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí koríko àti òkúta wẹ́wẹ́ wà. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, a sì dúró sínú ọkọ̀. Nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí gíláàsì tèmi, mo rí ohun tí mo kọ́kọ́ pè ní ìgbẹ́ màlúù. Alángbá oníwo ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Phrynosoma cornutum, tó pẹlẹbẹ bí àkàrà tí a tẹ̀, tí ìwo mélòó kan yí ẹ̀yìn orí rẹ̀ ká. Alángbá tí òjò bá bá níta nílé wa máa ń sá wọ abẹ́ òrùlé. Èyí kò sá. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé ara sókè, ó ká ẹ̀yìn bí ọrun, ó fẹ̀ ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tẹ́ aṣọ, ó sì tẹ orí àti ìrù wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí, ó ń pa dé, láìyára, láìdúró. Kò sí omi nílẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń lá. Èmi rò pé ó ń kú lọ ni.

Wade Sherbrooke ló ṣàlàyé ohun tí mo rí yẹn nínú ìwádìí kan tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Láàárín ìpẹ́ kan sí èkejì lára alángbá yìí, ọ̀nà tóóró kan wà tí ojú kò lè rí. Omi òjò tó bá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ á fà wọ inú àwọn ọ̀nà yìí, bí epo ṣe ń fà gun òwú àtùpà, á sì máa rìn lábẹ́ ìpẹ́ títí á fi dé igun ẹnu, níbi tí ṣíṣí àti pípadé ẹnu ti ń fà á wọlé. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń gbe omi òjò. Eèrà ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ alángbá oníwo, eèrà kì í sì í ṣe ohun tó ní omi púpọ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òjò fi rọ̀ yẹn kò ṣeé fi ṣòfò. Ní Australia, ní òdìkejì ayé, alángbá ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní Moloch horridus, tí kò bá ti oníwo tan tímọ́tímọ́, ń lo ọgbọ́n kan náà, ó sì tún lè fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn tútù dà sí ẹ̀yìn ara rẹ̀ kí omi inú iyanrìn lè fà sí awọ rẹ̀. Ní aṣálẹ̀ Namib ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n gidi, alángbá kékeré orí iyanrìn a máa lá omi ìkúùkuu tó ń ti orí òkun wá.

Àwọn tó ń sọ pé alángbá aṣálẹ̀ kò nílò omi, tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn níbí, kò tíì dúró nínú òjò pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ọmọ bíbí ni ọ̀dá máa ń kọ́kọ́ gé. Abo tó ti jókòó sínú ihò fún oṣù mẹ́ta kò ní ọ̀rá tí yóò fi ṣe ẹyin. Irú àwọn ará ilé mi wọ̀nyí máa ń yé ẹyin díẹ̀ lọ́dún tí oúnjẹ bá wọ́n, ẹyin tí wọ́n bá sì yé náà tún ń fẹ́ ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin, nítorí pé èèpo rẹ̀ rọ̀, ó sì ń fa omi ilẹ̀ sínú bí ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Alángbá kékeré kan wà ní Mojave, Xantusia vigilis, tó ń gbé abẹ́ àwọn igi Joshua tó ti wó. Kì í yé ẹyin. Ọmọ ló ń bí, ọ̀kan tàbí méjì, ó ṣọ̀wọ́n kó tó mẹ́ta. Lọ́dún tí òjò bá kọ̀, ọ̀pọ̀ abo wọn kì í bímọ rárá. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó máa ń pẹ́ láyé ju bí ara rẹ̀ ṣe kéré tó lọ, ọdún mìíràn á sì bá a láyé. Alángbá tí kì í lò ju ọdún kan tàbí méjì kò ní irú àǹfààní yẹn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọdún ọ̀dá méjì tó tẹ̀ léra lè dín iye wọn kù lójú ẹsẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òjò jẹ́ ire fún gbogbo wọn bákan náà. Ní aṣálẹ̀ Simpson ní Australia, Chris Dickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé alángbá méjì fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní ọdún 1999. Ọ̀kan fẹ́ràn ilẹ̀ gbalasa, èkejì fẹ́ràn abẹ́ koríko spinifex. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ tí koríko gba ilẹ̀, ẹni abẹ́ koríko ń pọ̀ sí i, ẹni gbalasa ń dín kù. Ní Tucson tiwa, òjò dáadáa a máa sọ koríko buffel di igbó, koríko tó jẹ́ pé láti Áfíríkà àti Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá fún màlúù jẹ, tí ó sì máa ń gbé iná la orí òkè kọjá tó bá gbẹ. Alángbá tó ti là á já nínú ọ̀dá lè bá iná pàdé.

Ọ̀rọ̀ ooru náà kò sì kúrò nílẹ̀. Ní ọdún 2010, Barry Sinervo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn nípa àwọn alángbá Sceloporus, ẹ̀yà 48, tí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀ ní ibi 200 ní Mẹ́síkò láàárín 1975 sí 1995. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò, nínú ọgọ́rùn-ún ibùgbé, méjìlá ti ṣófo. Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni aṣálẹ̀, àlàyé tí wọ́n sì ṣe kì í ṣe pé oòrùn sun alángbá kú: wákàtí tó ń lò nínú ihò láti sá fún ooru ń gùn sí i, èyí tó ṣẹ́ kù fún oúnjẹ kò tó fún abo láti ṣe ẹyin. Ìṣirò inú àpáta kan náà ni, àmọ́ tí ó ti ń já sí òfo. Mo rò ó púpọ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí ìlú Phoenix, tí kò jìnnà sí wa, lo ọjọ́ 31 léra léra tí ooru ọ̀sán kò wálẹ̀ sí digirí 43. Kò sí àpòòtọ̀ tó kún tó tí kò ní gbẹ nígbà kan.

Ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni mo ní fọ́tò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, mo gbé tíì mi jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà ti wà lórí ògiri, wọ́n danú délẹ̀. Nísàlẹ̀ wọn, nínú ilà tó wà láàárín bíríkì kan sí èkejì, àwọn kan wà tí kò gùn ju ìka ìfábẹ̀lá mi lọ, tí orí wọn tóbi ju ara wọn lọ. Mo ka márùn-ún, mo tún un kà, ó di méje. Ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ ẹ̀kán omi kan tó so mọ́ ara bíríkì, ó wò ó, ó lá a, ẹ̀kán náà fọ́, ó sì fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó tún padà wá. Tíì ti tutù sí mi lọ́wọ́ kí n tó rántí láti yọ fóònù.